Lẹ́tà Kan Nínú Ẹ̀jẹ̀: Ohun tí Ìwé Àyẹ̀wò Ìgbéyàwó ń Sọ Nípa Ara Wa

Nínú ohun tí ìdílé méjì ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn ní Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ìwé pélébé kan wà tí àwọn bàbá ńlá wa kò kà mọ́ ẹrù ìdána. Obì, orógbó, ataare, oyin àti iṣu ṣì wà láyè wọn. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kì í kéde ìgbéyàwó bí àwọn àfẹ́sọ́nà kò bá tíì mú ìwé jẹ́nótáìpù wọn wá, àwọn ààfáà náà sì ti ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Lẹ́tà méjì péré ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wá lórí ìwé náà: AA, AS, AC, SC tàbí SS.

Àwọn lẹ́tà yìí ti tú àfẹ́sọ́nà ká nígbà tí aṣọ ẹbí ti délé. Síbẹ̀, bí a bá ní kí àwọn tó mú ìwé náà lọ́wọ́ sọ ibi tí A àti S ti wá, díẹ̀ nínú wọn ló lè dáhùn. Inú DNA ni ìdáhùn wà, ó sì yẹ kí gbogbo ilé tó ń tọ́ ọmọ mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun ló ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn tí a ti ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìlà pupa lórí pélébé funfun

Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí ní láàbù kì í wo DNA fúnra rẹ̀. Ohun tí DNA ní kí ara ṣe ló ń wò. Ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Á fi omi iyọ̀ fọ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀, á sì fi omi lásán bẹ́ wọn títí omi pupa tó mọ́ gaara yóò fi jáde. Ìwọ̀nba bíńtín nínú omi pupa yìí ló máa fi fa ìlà tín-ín-rín sí etí pélébé funfun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ti mọ jẹ́nótáìpù wọn tẹ́lẹ̀. Á gbé pélébé náà sórí ọpọ́n tí omi oògùn wà ní ìhà rẹ̀ méjèèjì, á wá tan iná mànàmáná sí i. Bí iná ìjọba bá lọ lójijì, àfi kí wọ́n yára tan jẹnẹrétọ̀, kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́.

Kò ní pẹ́ tí àwọn ìlà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A ló ń ṣáájú, S ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, C ló ń kẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AA yóò fi ìlà kan hàn níwájú. Ti SS yóò fi ìlà kan hàn lẹ́yìn. Ti AS yóò pín sí méjì kedere. Irú ọ̀nà yìí ni Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1949, tí wọ́n fi jẹ́ kí ayé mọ̀ pé hẹ̀móglóbìn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS, yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Kí ló ń fa S sẹ́yìn? Hẹ̀móglóbìn ni prótéènì tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, tó sì ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Okùn prótéènì mẹ́rin ló para pọ̀ di ẹyọ kan: alfa méjì, bẹ́tà méjì. Okùn bẹ́tà ní ègé 146 tó tò tẹ̀ léra, èyí tí wọ́n ń pè ní àmínò ásíìdì. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé okùn yìí wẹ́wẹ́, ó sì wá ibi tí ti aláìsàn ti yàtọ̀. Ẹyọ kan ló yàtọ̀. Ègé kẹfà ni: níbi tí A ti ní glutamic acid, valine ni S ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé lysine ni C ní níbẹ̀. Glutamic acid ní agbára iná kan lára tí òpó iná iwájú máa ń fà mọ́ra, valine kò ní in rárá, òdìkejì rẹ̀ ni lysine sì ní. Ìdí nìyí tí àwọn ìlà mẹ́ta náà kì í fi í jọ débi kan náà.

Okùn méjì, lẹ́tà mẹ́rin

Ara kì í ṣàdéédéé mọ ègé tó yẹ kó fi sí ipò kẹfà. Ó ní ibi tó ti ń kà á, DNA ni ibi ọ̀hún.

Okùn méjì ni DNA, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n sì kọjú sí ara wọn. Oríṣi kẹ́míkà mẹ́rin ló tò lọ lórí wọn, tí àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà A, T, C àti G pè; A àti C tibí yìí kì í ṣe A àti C inú ìwé jẹ́nótáìpù. Níbi tí A bá wà lórí okùn kan, T ló máa wà níwájú rẹ̀ lórí ìkejì. Níbi tí C bá wà, G ni yóò kọjú sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 1953 ni James Watson àti Francis Crick tẹ àlàyé yìí jáde, àwòrán tí Rosalind Franklin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù sì wà lára ohun tó là wọ́n lójú. Bí DNA ṣe rí yìí ló jẹ́ kó lè bí ara rẹ̀: nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, okùn méjèèjì á já kúrò lára ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì fi lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ wá ẹnìkejì tuntun. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ohun tí bàbá àti ìyá kọ sínú sẹ́ẹ̀lì kan ní ọjọ́ ìlóyún fi ń dé inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọmọ.

Nǹkan bí bílíọ̀nù 3 lẹ́tà ni ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ bàbá, ó sì ń gba bí iye bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Bí a bá na DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tán, yóò gùn tó mítà 2, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì náà kò tóbi tó ohun tí ojú lásán lè rí. Ó ṣe é ṣe nítorí pé DNA ká mọ́ àwọn prótéènì róbótó kan bí òwú ṣe ń ká mọ́ ìrànwú, ó sì tún ká lé ara rẹ̀ títí ó fi di ìdì. Àwọn ìdì wọ̀nyí ni krómósóòmù. 46 ni wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ gbà pé 48 ni wọ́n, kí Joe Hin Tjio àti Albert Levan tó kà wọ́n pé ní Sweden, tí wọ́n sì tẹ iye tòótọ́ jáde ní ọdún 1956.

Jíìnì ni apá ibì kan lórí DNA tí àṣẹ kan wà nínú rẹ̀. Ènìyàn ní nǹkan bí 20,000 jíìnì tó ń pàṣẹ fún ṣíṣe prótéènì, ibi tí àṣẹ prótéènì gan-an wà nínú gbogbo DNA kò sì tó ìdá 2 nínú 100. Nínú ìyókù ni a ti rí àwọn ibi tó ń ṣí jíìnì tó sì ń tì í, tó ń sọ ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́ àti ibi tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́. Jíìnì tó ń ṣe okùn bẹ́tà ni HBB, orí krómósóòmù 11 ló wà. Ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú, ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun tó ń di ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ló ń ṣí i. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá gbó tán, ó máa ń ju DNA rẹ̀ nù láti fi àyè gba hẹ̀móglóbìn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ka DNA nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń lò.

Nígbà tí jíìnì bá fẹ́ ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì á da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sórí kẹ́míkà mìíràn tó ń jẹ́ RNA. RNA yìí ló ń jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe prótéènì, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mẹ́ta-mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ ègé kan. Lórí HBB, lẹ́tà mẹ́ta tó ń pe ègé kẹfà ni GAG. Nínú S, GTG ló wà níbẹ̀. Nínú C, AAG ni. Lẹ́tà kan péré ló yí padà nínú bílíọ̀nù mẹ́ta.

Ìrora tí ń lọ tí ń bọ̀

Valine yìí ló ń dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bí hẹ̀móglóbìn S bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀, ẹyọ kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, wọ́n á di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí róbótó á sì tẹ̀ bí dòjé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ máa ń dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀: nínú egungun, nínú ikùn, nínú àyà, nígbà mìíràn nínú ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dára máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ara. Ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára ọmọ, tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà apọ́njú.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ìyá lójú ni pé ara ọmọ náà máa ń dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n bí i. Hẹ̀móglóbìn mìíràn ni ọlẹ̀ ń lò nínú oyún, kò sì ní okùn bẹ́tà nínú rárá. Ó máa ń kù nínú ara ọmọ fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Nígbà tí jíìnì rẹ̀ bá ń tì, tí HBB sì ń ṣí, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí yóò máa ké bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Kí ìmọ̀ yìí tó dé, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi ń pè é. Ilé tó bá sin ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ léra á ní àbíkú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n á sọ ọmọ tó tún wá ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́ tàbí Rótìmí. Wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ kó má bàa padà wá. Kì í ṣe àrùn yìí nìkan ló ń pa ọmọ nígbà náà, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti èèyi náà ń ṣọṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ti rí i pé SS wà lára ohun tí a pè ní àbíkú. Ìyá ló sì sábà máa ń jẹ ìyà ẹ̀sùn náà, nílé ọkọ àti nílé ààfáà.

Ohun tí krómósóòmù fi hàn yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó jẹ́ AS ní krómósóòmù 11 méjì, A wà lórí ọ̀kan, S wà lórí èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò fún ọmọ, kò sì lè yan èyí tí yóò fún un. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, ìdá kan kó jẹ́ AA, ìdá méjì kó jẹ́ AS. Àwọn kan gbà pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun ni, ilé kan lè bí mẹ́rin kí gbogbo wọn jẹ́ AA, ilé mìíràn lè bí mẹ́ta kí gbogbo wọn jẹ́ SS. Láti ara bàbá àti ìyá ló ti ń wá, ní dọ́gba-dọ́gba.

C náà kì í ṣe ohun tí Yorùbá lè fojú fò. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa ju bó ṣe wà láàárín àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn odò Ọya. AS tó bá fẹ́ AC lè bí ọmọ SC, àrùn ni SC náà, ó sì lè ba ojú àti egungun ìbàdí jẹ́.

Ẹ̀bi mìíràn tún wà tí krómósóòmù gbà kúrò lọ́rùn obìnrin. Nínú ìdì 23 tí ìyá ń fi sínú ẹyin rẹ̀, X ni ìkẹtàlélógún nígbà gbogbo. Nínú àtọ̀ bàbá, ó lè jẹ́ X, ó lè jẹ́ Y. Bí X bá bá ti ìyá pàdé, obìnrin ni. Bí Y bá bá a pàdé, ọkùnrin ni. Àwọn ìyàwó tí wọ́n ti lé kúrò nílé ọkọ torí pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń bí kò ní Y kankan tí wọ́n lè fún ọmọ.

Ọmọ kan ní nǹkan bí ọdún 7,300 sẹ́yìn

Bí S bá ń pani tó báyìí, kí ló dé tí kò fi parẹ́? Ibà ni ìdáhùn. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi ìwádìí rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà hàn pé ọmọ tó jẹ́ AS kì í sábà kú ikú ibà bí ọmọ AA. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, S ń gba ọmọ AS là, ó sì ń pa ọmọ SS. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún níbí.

Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi tẹ ìwádìí kan jáde lórí DNA àwọn tó ní S. Wọ́n wo àwọn lẹ́tà tó yí HBB ká, wọ́n sì rí àmì pé ara ẹnì kan ṣoṣo ni S ti bẹ̀rẹ̀, ní Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 7,300 sẹ́yìn, nígbà tí koríko ṣì ń hù ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Bí ìṣirò wọn bá tọ̀nà, S tó wà lára ọmọ Ìkàrẹ́, ọmọ Accra, ọmọ Bahia ní Brazil àti ọmọ Mississippi ní Amẹ́ríkà ti ara baba ńlá tàbí ìyá ńlá kan náà jáde.

Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Benin City, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ mìíràn tó mú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wọ ìwé sáyẹ́ǹsì àgbáyé. Ní ọdún 2002 ni iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀, láti mọ ibi tí lẹ́tà DNA ti ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ènìyàn kan sí èkejì. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. 90 nínú wọn jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìyá àgbà àti bàbá àgbà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n gbà. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jíròrò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ọdún 2005 ni èsì àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 2008, ọkùnrin kan láàárín àwọn ará Ìbàdàn yìí di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ti ti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde. Ní ọdún 2010, wọ́n rí i pé oríṣi méjì jíìnì APOL1, lórí krómósóòmù 22, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá, ń gbógun ti kòkòrò àìsàn oorun kan. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá ni kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 2020, Arun Durvasula àti Sriram Sankararaman fi DNA Yorùbá Ìbàdàn àti ti àwọn mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ìṣirò, wọ́n sì sọ pé ìdá 2 sí 19 nínú 100 rẹ̀ wá láti ara irú ènìyàn àtijọ́ kan tó ti parẹ́.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn àtijọ́ yìí kàn ìpínlẹ̀ Oǹdó gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Ihò Eléérú, nítòsí Ìsarùn, ni ẹgbẹ́ Thurstan Shaw ti hú egungun ènìyàn kan jáde ní ọdún 1965. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 13,000, síbẹ̀ agbárí rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀ bí ti àwọn ènìyàn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń ba DNA inú egungun àtijọ́ jẹ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ àwọn alààyè ló kù tí a lè kà.

Àwọn tó ṣe HapMap sọ ọ́ gbangba pé Yorùbá ní Ìbàdàn ni àwọn wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi wọ́n dúró fún gbogbo Yorùbá tàbí gbogbo Áfíríkà. Àkókó ni ẹ̀rí pé ìkìlọ̀ náà tọ́. Láàárín òkè Ìkàrẹ́, Àfìn, Àrìgìdì, Àúgá àti Àkùnnù, ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ìlú kan àti èkejì, bẹ́ẹ̀ a óò gbọ́ Yorùbá, Àrìgìdì, Ukaan àti Akpes lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ìtàn ìrìnàjò àti ìgbéyàwó tó kó àwọn èdè wọ̀nyí jọ wà nínú DNA àwọn tó ń sọ wọ́n. Áfíríkà ni DNA ènìyàn ti yàtọ̀ síra jù lọ láyé, síbẹ̀ ti àwọn ará Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ti kà.

Ìwòsàn tó jìnnà, èyí tó wà nítòsí

Ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjọba Britain àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìwòsàn àkọ́kọ́ tó ń lo irinṣẹ́ CRISPR láti gé DNA. Wọn kì í tún lẹ́tà tó yí padà lórí HBB ṣe. Wọ́n máa ń mú sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn aláìsàn, wọ́n á gé ibi tó ń ṣí jíìnì BCL11A lórí krómósóòmù 2. BCL11A ló ń ti hẹ̀móglóbìn ọmọ inú oyún. Bí kò bá lágbára mọ́, hẹ̀móglóbìn yẹn á padà wá, yóò sì máa gba iṣẹ́ S ṣe. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé ìwòsàn ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Benin, UBTH, ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún ọmọ SS láti ọdún 2011, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, a sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tí ara rẹ̀ bá ti aláìsàn mu.

Ohun tó wà nítòsí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Hydroxyurea, oògùn tí aláìsàn ń gbé mì, máa ń mú hẹ̀móglóbìn ọmọ inú oyún pọ̀ sí i, ó sì ń dín ìrora kù. Ní ọdún 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pẹnisílíìnì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ SS kéékèèké lójoojúmọ́ dín àkóràn ẹ̀jẹ̀ tó ń pa wọ́n kù ní ìdá 84 nínú 100. Ṣùgbọ́n a kò lè fún ọmọ ní pẹnisílíìnì bí a kò bá mọ̀ pé SS ni. Ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì gún ní gìgísẹ̀ ọmọ ọwọ́ tó láti mọ̀.

Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ti pẹ́ jù. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló yẹ kí ọmọ ti mọ tirẹ̀, kí ó tún un ṣe ní láàbù kejì kó tó gbà á gbọ́, pàápàá bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́, torí pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè yí èsì padà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà ní Àkókó, tí ibùjókòó wọn wà ní Ìkàrẹ́, Òkè-Àgbè, Ìṣùà àti Ọ̀kà. Bí ilé ìlera alábọ́dé inú wọn bá ń gún gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí láàbù, tí wọ́n sì tọ́jú pẹnisílíìnì àti oògùn ibà pa mọ́ de èyí tí èsì rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC, ìyá ọmọ náà yóò ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé.